Ẹ Má Bi Ẹnu, Ẹ Bi Orúnkún

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ dákun, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn èèyàn kò yéé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n Làsísì, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga yẹn?" Bí mo bá ti dáhùn pé ẹ̀ka ìmọ̀ eré ìdárayá ni, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ohun tí eléré yóò ṣe kó má baà ṣèṣe, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Eré lẹ wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí!"

Eré. Ẹ wo ohun tí èdè wa fojú mi rí. Dókítà ń ṣe iṣẹ́, lọ́yà ń ṣe iṣẹ́, ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lẹ́bàá ọ̀nà Òṣogbo ń ṣe iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe eré.

Nítorí Rísìkátù ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Ó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, bàbá rẹ̀ sì fárí gá pé òun kò ní rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lọ máa ta pọ́ún-pọ́ún kiri pápá. Wọ́n ní kí n dá sí i. Dípò kí n máa pariwo láti ojúlé dé ojúlé, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò kàwé jìnnà o. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo yọjú wo ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà láti ẹnu ọ̀nà, mo padà sí oko bàbá mi lọ́nà Kuta.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ yàrá ìwádìí, ẹ̀gbọ́n mi mọ ẹnìkan, ẹnìkan mọ ẹlòmíì, wọ́n mú mi. Owó rẹ̀ náà, owó oṣù ni. Ó wọlé, ó jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀gá.

Ìyá Ọ̀gá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá ẹ̀ka náà sílẹ̀. Ọmọ Ilé-Ogbó ni wọ́n, obìnrin kúkurú kan tó máa ń fi fèrè kọ́rùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́rùn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ti gboyè dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀wù ṣe. Ní tèmi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń sá wọ̀, mo máa wá ń fọ̀ ọ́ lọ́tun. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ tó tiwa ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀rù Ìyá Ọ̀gá ló fọ̀ ọ́, kì í ṣe èmi.

Wọ́n wá ká mi mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Làsísì."

"Mà."

"Ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ti mọ́. Jáde, wá kọ́ṣẹ́."

Orúkọ ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Ẹ máa rò pé ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti kékeré á mọ ẹsẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tiro wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Ọ̀gá ní kí n bi í níbi tó ń dùn ún. Mo bi í. Ó ní ẹsẹ̀ ni. Mo yíjú sí Ìyá, mo ní, "Ẹsẹ̀ ni, mà."

"Ẹsẹ̀!" Wọ́n na ìka láti ìgbáròkó ọmọ náà títí dé ọmọ-ìka rẹ̀ nísàlẹ̀. "Gbogbo ibí yìí ni Yorùbá ń pè ní ẹsẹ̀. Làsísì, bí ilé ẹnìkan bá ń jóná, tó ní kí o wá bá òun pa á, tí o bi í pé níbo, tó ní Ìwó, ṣé wàá rí ilé náà kó tó jó tán?"

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "ẹsẹ̀" lásán létí wọn mọ́. Ó di kí o sọ ọ́: ìgbáròkó ni, àbí iwájú itan, àbí ẹ̀yìn itan, àbí orúnkún, ojúgun, kókósẹ̀, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó rọ́" kì í ṣe "ó yẹ̀", "ó yẹ̀" kì í sì í ṣe "ó ṣẹ́". Bí mo bá ṣì í pè, wọ́n á fọn fèrè sí mi, inú yàrá o, bí ẹni pé mo fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ó wọ̀ mí lára débi pé mo gbé e délé. Ìyàwó mi ti ọjà dé, ó ní, "Bàbá Sàkí, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Mo ní, "Ibo lára ẹsẹ̀?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ fi ta ọ́ nípàá yìí ni."

Òfin kejì Ìyá Ọ̀gá kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ má fà á. Ẹ mọ̀ wá náà. Ẹnìkan á yí ẹsẹ̀ báyìí, a ò tíì kí i ní pẹ̀lẹ́ tán, ẹnìkan ti dì í mú lẹ́yìn, ẹlòmíì ti gbá gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ń fà á bí okùn kànga, wọ́n ní ó máa wọlé. Kí ló máa wọlé? Níbo ló jáde sí? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná á dé, òrí á dé, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ti wú. Ìyá máa ń sọ pé ẹni tó ń to eegun ní ti gidi kì í kù gìrì fa nǹkankan, ó máa ń fọwọ́ wá a kiri ná ni. Àwọn èrò ìwòran ló ń fà.

Òfin kẹta ni kí ara gbóná kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Mo ti pa òwe yìí fún àwọn agbábọ́ọ̀lù títí ẹnu fi bó mi. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ara wa ti gbóná, oòrùn ń mú." Oòrùn! Bí oòrùn bá ń na iṣan, gbogbo aṣọ tí ìyàwó mi sá ni ì bá ti lọ gba ife-ẹ̀yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti Sáré-má-lọ, nítorí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí á sọ ọ́ bí èmi kò bá sọ ọ́. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé dé, ó ní rọ́bà dúdú tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. O ń sáré, o kò lọ síbì kankan. Ìyá Ọ̀gá fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọkàn ṣe ń lù bí èèyàn bá ń sáré, wọ́n wá ara tí wọ́n máa lò, ojú wọn bọ́ sára mi.

"Làsísì, gùn ún."

"Mà, èmi àti òun kò tíì mọra."

"Gùn ún."

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi mí gbọ́ rédíò. Mo di irin rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kàlímọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn kígbe pé, "Mà, ọkàn Ẹ̀gbọ́n ti ń sáré burúkú, ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" Ìyá ní, "Ẹ kò tíì tan èyí tó gùn." Nígbà tí wọ́n wá tàn án, ẹsẹ̀ mi lọ, ọwọ́ mi kọ̀, èmi sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo bára mi lẹ́bàá ògiri. Fìlà mi nìkan ló ṣì ń sáré lọ lórí rọ́bà. Ìyá Ọ̀gá ní kí wọ́n má ka tèmi mọ́ ọn, pé ẹ̀rù ló sáré, kì í ṣe Làsísì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní kí n gùn ún, mo máa ń gbàdúrà nínú pé kí iná lọ. Àwọn oníná kò sì já mi kulẹ̀ rí. Èmi nìkan ni mo mọrírì wọn ní gbogbo Ìwó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Múfù ni ọ̀rọ̀.

Nígbà náà, wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá láràárọ̀, kí n bi agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan kó tó wọlé, kí a lè mọ ẹni tí nǹkan ń ṣe, kí a sì dá a dúró. Àwọn olùkọ́ ti jókòó lé ìbéèrè náà pẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gùn bí ìwàásù. Wọ́n wá yí i sí Yorùbá, kó lè yé gbogbo èèyàn, ó sì kúrú, ó dùn mọ́ wọn nínú: "Ṣé ara le?"

Mo ń bi wọ́n. Wọ́n ń dáhùn. "Ara le, Ẹ̀gbọ́n." "Ara le, adúpẹ́." "Àlàáfíà ni, Alhamdulillahi." Odídẹrẹ́ ni wọ́n fi mọ Ìwó, àwa náà sì ń dáhùn bí odídẹrẹ́. Kò sí ẹnìkan tí nǹkan ń ṣe. Àwọn olùkọ́ tiẹ̀ gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wa nìkan ni ara wọn le tó báyìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Múfù wà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ìlú wa ni, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà. Bí Múfù bá gba bọ́ọ̀lù lápá òsì pápá, àwọn alátakò á máa wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n jí lápò. Ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Àràárọ̀ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún mi, àyà rẹ̀ á kan koríko.

Àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọlé, wọ́n ń kí mi. Ó kan Múfù. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì tún nàró, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ kan bí àkùkọ inú òjò.

Inú bí mi. "Ìwọ Múfù! Torí wọ́n ń forúkọ ẹ kọrin, ìkíni àwọn olóṣèlú lo wá ń kí mi?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìka lo fi ń kí bàbá ẹ nílé? Ṣé ara le?"

"Ara le, Ẹ̀gbọ́n. Adúpẹ́."

"Wọlé lọ, agbéraga."

Ó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ti ìgboro wá, títí kan ìyá rẹ̀, tó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ dé. Eré kò tíì gbóná tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Ó gbà á, ó fẹ́ yí padà, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo wà. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Múfù ṣubú, ó di orúnkún mú, ó ń pariwo orúkọ ìyá rẹ̀.

Àwọn èrò dà wọ pápá. "Ó ti yẹ̀! Ẹ fà á! Ẹ tètè fà á kó tó tutù!" Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan ti ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ní ìdílé àwọn ìyá òun ló ń to eegun. Ẹnìkan ti ń pariwo pé ta ló ní òrí. Orúnkún náà sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò jọ orúnkún mọ́.

Òdìkejì pápá ni Ìyá Ọ̀gá wà. Mo gbọ́ fèrè, mo gbọ́ ohùn wọn: "Làsísì! Má jẹ́ kí wọ́n fà á!"

Ẹ gbọ́. Ẹni tó ń yà fún ewúrẹ́ lọ́nà ni mí. Bí ewúrẹ́ bá dúró sójú ọ̀nà, èmi ni mo máa gba inú koríko kọjá, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti kúnlẹ̀, mo fi ìgúnpá tilẹ̀, mo ṣe ara mi bí afárá lé orúnkún Múfù lórí, tí èmi àti òun kò kanra. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Múfù tó wà nísàlẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń mi ilẹ̀ mọ́ mi lábẹ́."

Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ yẹn ní, "Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fà á!"

Mo ní, "Ẹ ò ní fà á!"

"Ẹsẹ̀ ọmọ náà máa bàjẹ́ sí yín lọ́rùn!"

Ìbínú gbé mi. Mo ní, "Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí ẹ fa ẹsẹ̀, ẹ fa tèmi!"

Wọ́n fà á. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, kí ni mo ń sọ láti àárọ̀ nípa àwọn èèyàn wa? Wọ́n gbá kókósẹ̀ mi mú, wọ́n fà mí ṣẹ́yìn lórí koríko, mo sì fi èékánná di ilẹ̀ mú, mo tún rá padà bí alákàn. Ìyá Múfù wá dúró lé gbogbo wa lórí, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú yín?"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ọ̀gá dé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka méjì sí ìsàlẹ̀ kókósẹ̀ Múfù, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, wọ́n dijú. Mo ti rí i kí Ìyá Ọ̀gá bínú, mi ò rí i kí ẹ̀rù bà wọ́n rí àfi ìgbà yẹn. Wọ́n lanu, wọ́n ní, "Ó ń lù."

Igi àsíá igun pápá ni a fi tì í lọ́tùn-ún lósì, gèlè ìyá rẹ̀ ni a fi dì í, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, a kò nà án, a kò tẹ̀ ẹ́. A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tó gbà á sọ lójú gbogbo wa pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, pé bí a bá fi lè fà á ni, ó ṣeé ṣe kó já, kí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá Múfù kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní kó dìde. Ìbẹ̀rù tí mo ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ọ̀sán padà wá gba owó ọ̀yà rẹ̀.

Nígbà tí ara Múfù rọlẹ̀ díẹ̀, Ìyá Ọ̀gá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Múfútáù, orúnkún báyìí kì í bàjẹ́ lójijì. Kí ló ti ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Múfù ní ó rọ́ nígbà tí àwọn lọ gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní Olúpọ̀nnà, ó sì ti ń wú láti ìgbà náà.

"Làsísì kò bi ọ́ láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

Mo fò dìde. "Èmi! Èmi tí mo bi ọ́! Mo ní ṣé ara le, o ní ara le!"

Múfù wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí mi ni. Ṣé kí n wá máa sọ fún ẹni tó kí mi láàárọ̀ pé ara ò le?"

Ẹ̀rín kọ́ ni mo rín o. Ta ni nínú yín ló máa dáhùn "ara ò le" sí ìkíni? Ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn pàápàá, bí o bá ní ṣé ara le, á ní a dúpẹ́. Ohun tí gbogbo ìwé yẹn, gbogbo ìpàdé yẹn, gbogbo pípàtẹ́wọ́ yẹn wá já sí ni pé à ń kíra wa.

Ìyá Ọ̀gá fọwọ́ ti ìbàdí lórí àga. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yìn ń dùn mí láti àná. Alága ẹ̀ka kejì bi mí láàárọ̀, mo ní ara le." Wọ́n yíjú sí mi. "Làsísì, báwo ni ọmọ yìí ṣe kí ẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ìka ló fi kí mi. Kò dọ̀bálẹ̀ rárá. Mo tiẹ̀ bú u."

"Àná ńkọ́?"

Mo rò ó. "Àná náà, ìka ni."

"Ṣáájú kí wọ́n tó lọ sí Olúpọ̀nnà?"

Ṣáájú Olúpọ̀nnà, àyà rẹ̀ ló máa ń kan koríko.

Ìyá Ọ̀gá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ̀ ń kí ẹ. Orúnkún rẹ̀ ló ń dá ẹ lóhùn. A sì bú orúnkún náà ní agbéraga."

Bí àṣà tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí pápá wa nìyẹn. A kò bi ẹnu ní nǹkankan mọ́. Láràárọ̀, kí agbábọ́ọ̀lù tó wọlé, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, á dìde láìfọwọ́ tilẹ̀, á lóṣòó, á fi orúnkún ọ̀tún kúnlẹ̀, á fi ti òsì kúnlẹ̀. Àwọn obìnrin eléré náà ń ṣe é. Ẹni tó bá fi ojú ẹ̀gbẹ́ kúnlẹ̀, tàbí tó ń fi ọgbọ́n gbé ara lé ẹ̀gbẹ́ kan, Ìyá á pè é sí kọ̀rọ̀, á ní, "Kì í ṣe ẹsẹ̀ o. Ibo gan-an?" Nígbà náà ni wọ́n á jẹ́wọ́.

Wàhálà wá dé bá èmi. Ìròyìn gba Ìwó kan pé Làsísì ti joyè, pé odindi yunifásítì ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Kábíyèsí Pápá. Ààfáà kan tí ọmọ rẹ̀ ń sáré fún wa tiẹ̀ fìbínú wá sí ọ́fíìsì, ó ní ọmọ òun kò ní forí balẹ̀ fún ẹ̀dá, pàápàá ẹ̀dá tó ń sá fún ewúrẹ́. Ìyá Ọ̀gá ní, "Ẹ jókòó, Ààfáà. Orúnkún ni mò ń wò, n kò wo ìkíni. Bí ọmọ yín bá ti ṣe tán, kó kẹ̀yìn sí Làsísì kó ṣe tirẹ̀." Ààfáà rò ó, ó ní kò burú bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ní ọmọ kan tó ń fi ìdí kí mi láràárọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo sì ń dá a lóhùn.

Múfù lo ọ̀pá títí ó fi sú u. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Ìyá Ọ̀gá sì tún un kọ́ ní rírìn bí ọmọ ọwọ́. Kò gbá bọ́ọ̀lù jẹun mọ́, èyí sì dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó padà sínú ẹ̀kọ́ wa, ó kà á jáde, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré ìdárayá ní Kuta báyìí.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Sáré-má-lọ àtijọ́ kú, wọ́n ra tuntun tó ń sọ̀rọ̀, ó máa ń sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù, ìyẹn ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Aago ọwọ́ dé tó ń ka lílù ọkàn. Àwọn olùkọ́ tuntun wá kó fóònù dé, wọ́n ní kí a yé mú kí àwọn ọmọ máa dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, pé ohun àtijọ́ ni. Àwòrán ojú ni ó wà nínú fóònù náà: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó fajú ro, ojú tó ń sunkún; kí agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ tẹ èyí tó jọ ara rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, èwo lẹ rò pé wọ́n ń tẹ̀? Ojú tó ń rẹ́rìn-ín! Mo rí ọmọ kan tó ń tiro, tó ń jẹ ètè, tó tẹ ẹ̀rín. Mo lọ bá olùkọ́ náà, mo ní, "Sà, a ti ṣe èyí rí. Ìkíni ni wọ́n ń kí fóònù yín." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kì í purọ́." Mo ní òótọ́ ni, mo lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọdún náà ni mo fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, bàbá Rísìkátù, àna mi, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí ọmọ lọ. Kì í ṣe eré. Bó bá jẹ́ eré ni, kò ní sú mi tó báyìí. Ẹnìkan ní láti wà níbẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá dójú àmì tó sì mọ orúnkún, nítorí ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwa kì í sì í dákẹ́ pàápàá, ara le la máa ń sọ.

Mo fẹ́ fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Múfù ní bí n kò bá kọ èyí tó kù, òun á kọ ọ́ fúnra òun.

Ó wá kí mi nílé láìpẹ́ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì, ó dìde láìfọwọ́ tilẹ̀. Inú mi dùn. Ó ní, "Ṣé ara le, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ara le, adúpẹ́."

Ó wo bí mo ṣe jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lóṣòó díẹ̀ kí n rí yín."

"Ìwọ Múfù! Láti ìgbà wo ni àgbà ti ń lóṣòó fún ọmọdé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Ó ní òun ń lọ kí Ìyá Ọ̀gá ní Ilé-Ogbó, ṣé mo máa bá òun lọ. Mo fò wọ ọkọ̀. A ti kọjá ìlú kí n tó ronú kàn án. Mo ti dàgbà ní Ìwó. Kò sí ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún mọ́, àwọn èèyàn ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé mo ti ń jókòó sórí àga kírun láti ìgbà òjò? Ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé tí mi ò lè kí níròó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ yìí ń gbé mi lọ.

Ìyá Ọ̀gá ti darúgbó, wọ́n ti kéré sí i nínú àga, ṣùgbọ́n fèrè yẹn ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo wọlé. Mo tẹ̀ díẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo nàró.

Wọ́n wo ìka mi. Wọ́n wò mí lójú.

"Làsísì. Ṣé ara le?"

Mo lanu. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ilẹ̀, mo wo Múfù, ó ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo ní, "Orúnkún ọ̀tún ni, mà. Ó ń wú. Láti ìgbà òjò."

"Láti ìgbà òjò," ni Ìyá Ọ̀gá wí, "o sì ń kí gbogbo Ìwó pé ara le. Múfútáù, gbé àga fún un."

Múfù gbé àga wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi lórí orúnkún tí mo fi ara bò níjọ́sí, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì yí ibi tó wú náà ká.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ fò lọ lórí mi. Mo di apá àga mú, mo dijú, mo ní, "Múfù, ọmọ mi, jọ̀ọ́, má fà á o."